Ìrànwú Tó Ń Rọ̀ Dirodiro

Ẹ mú ìhùhù òwú díẹ̀, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ fà á. Ṣe ni yóò rọra tú sí méjì láìdún rárá. Ẹ wá mú òmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lọ́ ọ bí ẹni ń ṣe òwú fìtílà, kí ẹ tó fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, yóò kọ̀ jálẹ̀. Ẹ kò fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ kò ta á ní kókó. Lílọ́ yẹn nìkan ló ti há àwọn fọ́nrán náà mọ́ra. Bí ẹ bá ṣe ń fà wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa fún mọ́ra wọn tó. Òwú tí ẹ fi rán bọ́tìnnì, okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́, aṣọ òkè tó wà nínú àpótí ìyá yín, orí ọgbọ́n kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn dúró lé.

Ìka lè lọ́ òwú fìtílà. Ta ni yóò wá fi ìka lọ́ ọgọ́rùn-ún mítà? Ibẹ̀ ni ìrànwú ti wọlé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 30, tí wọ́n fi ìwọ̀n róbótó kan há nídìí tàbí lókè: amọ̀ sísun, igi gbígbẹ́, nígbà mìíràn òkúta. Ẹ so òwú mọ́ igi, ẹ yí igi, òwú á lọ́. Ẹ wé èyí tó ti lọ́ mọ́ ara igi, kí ẹ tún fa òmíràn. Gbogbo ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Ẹni tó bá ta òkòtó rí ní kékeré ti mọ ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí òkòtó pẹ́ lórí yíyí náà ló ń ṣiṣẹ́ níbí: ìwọ̀n tó jìnnà sí àárín. Ẹ mú ìwọ̀n kan náà, ẹ sún un jìnnà sí àárín ní ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ṣorí kunkun láti dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tó fẹ̀ tó sì fẹ́lẹ́ fi máa ń yí pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sáré. Èyí tó kéré tó sì ki á yí fùú, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Òwú tínínrín ń fẹ́ ìlọ́ púpọ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà asáré ló bá a mu. Òwú tó nípọn kò bìkítà.

Síídì fíìmù àtijọ́ ni mo fi ṣe tèmi. Síídì kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì wọn bíi gíráàmù 15; mo lẹ méjì pọ̀. Fíìmù apá kejì ni ọ̀kan nínú wọn, apá kìn-ín-ní rẹ̀ ti sọnù láti ìgbà tí a kó kúrò nílé àtijọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù gba ojú ihò wọn kọjá, mo wé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ pẹ́ńsù náà kó lè há dáadáa, mo sì tẹ wáyà kékeré ṣe ìkọ́ sórí rẹ̀. Mo ra òwú ní kẹ́míìsì. Mo dìde dúró, mo jẹ́ kí ìrànwú mi rọ̀ dirodiro bí mo ṣe rí i nínú fídíò, mo yí i.

Gbà! Ó ti balẹ̀ sórí táìlì. Mo gbé e, ó tún balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹwàá, ìyá àgbà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa, ọmọ Ìṣẹ́yìn, yọjú láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Ọmọ mi, ta ló ní kí o gbé e kọ́?”

“Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ mà.”

“Àwọn wo?”

Ó ní kí n lọ ra òwú oníkóró lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, pé ti kẹ́míìsì yẹn, ojú egbò ló wà fún. Òótọ́ ni: wọ́n ti fọ ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì sábà máa ń kúrú. Nígbà tí mo dé, ó fi ọwọ́ yọ kóró, ó ní láyé àtijọ́ ọ̀pá irin ni wọ́n ń yí lórí òwú kí kóró lè ta jáde, ọrun ni wọ́n sì fi ń gbọ̀n ọ́n kó tó hó bí ìfófòó ọṣẹ. Ó yọ ìkọ́ wáyà mi kúrò. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi eérú pa ìka, ó gbé ẹnu pẹ́ńsù sínú àwo kékeré kan, ó sì fi ìka méjì ta á bí ọmọdé ṣe ń ta òkòtó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gòkè lọ, òwú ń jáde láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí aláǹtakùn ń takùn.

Mo wò ó títí kí n tó lóye rẹ̀. Òwú kò sí lára ìkọ́ kankan. Ó kàn wé mọ́ igi, ó sì gba orí igi jáde. Bí Màmá bá na òwú náà sókè, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá igi dọ́gba, yíyí kọ̀ọ̀kan á yọ̀ bọ́ lórí igi, á sì di ìlọ́ kan nínú òwú. Bó bá dà á sí ẹ̀gbẹ́, kò ní yọ̀ bọ́ mọ́, ara igi ni yóò wé mọ́. Igi kan náà, yíyí kan náà; bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ló ń sọ bóyá ìlọ́ ni tàbí wíwé.

Kí ló dé tí tèmi fi ń já? Fọ́nrán òwú kúrú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ibi tí ọwọ́ ti ń fà á kò tíì lọ́, fọ́nrán díẹ̀ ló sì kan ara wọn níbẹ̀. Bí ìrànwú bá rọ̀, ibi tó rọ jù yẹn ni yóò gbé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Nínú àwo, ilẹ̀ ló ń gbé ìwọ̀n, òwú kò gbé nǹkan kan. Èyí ni kò jẹ́ kí àwọn ìyá wa so tiwọn rọ̀, kì í ṣe àìmọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka yíyọ kóró òwú àti òwú rírán mọ́ iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà. Iṣẹ́ ìjókòó sì ni.

Ìrànwú tó ń rọ̀, ti àwọn tí fọ́nrán wọn gùn ni. Nínú àwọn ibojì Beni Hasan ní Íjíbítì, tó ti tó nǹkan bí ọdún 4,000, wọ́n ya àwọn tó ń ran ọ̀gbọ̀ sára ògiri, ìrànwú ń fì nísàlẹ̀ ọwọ́ wọn. Ní àgbègbè Cusco lórí òkè Andes ní Pérù, àwọn obìnrin ṣì ń ran irun àgùntàn àti ti alpaca lórí ìrìn. Pushka ni wọ́n ń pè é ní èdè Quechua. Ẹni tó ń da ẹran kò ráyè jókòó ti àwo. Àgùntàn tiwa ńkọ́? Irun ṣákálá bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀, kò ṣeé ran. Àbúrò mi tó ń gbé ní Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí irun àgùntàn sọ di ńlá, ló fi gíráàmù 100 ránṣẹ́ sí mi, ó sì bi mí bóyá ara mi dá.

Fọ́nrán èyí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì ní ìfaradà. Mo dá ìkọ́ padà. Mo so òwú tó ti lọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́ igi, bí ìdajì mítà, mo fi etí rẹ̀ kan irun, mo yí igi sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́: ìrànwú tó bá ti dúró kò ní pẹ́ tó fi máa yí padà sẹ́yìn, á sì tú gbogbo ohun tó ti lọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yí i, kó há a sáàárín orúnkún, kó tó wá fi ọwọ́ méjèèjì fa irun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò yá, ṣùgbọ́n kò ní já.

Ìkejì ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Òwú mi rí kókòkókó bí ejò tó gbé eku mì. Mo rò pé kí n túbọ̀ lọ́ ibi tó wú ni, àṣìṣe gbáà. Ìlọ́ kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba: ibi tó tínínrín kò lágbára láti kọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló máa ń sá lọ, á fi ibi tó wú sílẹ̀ ní rírọ̀. Bí mo ṣe ń fi kún un, ibi tínínrín ń le bíi wáyà, èyí tó wú ò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kókó náà mú, kí ẹ tú ìlọ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fà á. Àwọn fọ́nrán á yọ̀ lórí ara wọn, kókó á sàn, ìlọ́ fúnra rẹ̀ á sì wá síbẹ̀. Nígbà tí mo mọ èyí, ọwọ́ mi balẹ̀.

Òwú kan ṣoṣo kì í fara balẹ̀; ẹ tú u sílẹ̀, á ká jọ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ó fẹ́ tú ìlọ́ rẹ̀. Ẹ pa méjì pọ̀, kí ẹ yí wọn padà sí ọwọ́ òsì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbìyànjú láti tú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ́ mọ́ èkejì rẹ̀, ìjà wọn á parí síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pe ìlọ́ àkọ́kọ́ ní Z, wọ́n ń pe ti ìkejì ní S, nítorí bí ilà àárín lẹ́tà náà ṣe dà. Álífábẹ́ẹ̀tì tiwa kò ní Z. Ẹ bá wa yá a.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní ahunṣọ ta okùn 200 sórí òfì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 30: mítà 6,000 nìyẹn, láìtíì ka èyí tí yóò máa gba àárín wọn kọjá. Ẹ ò rí i pé ìrànwú ló ń dá òfì dúró, kì í ṣe ahunṣọ. Irú ebi òwú yìí wà lára ohun tó bí ẹ̀rọ ìrànwú tí Samuel Crompton parí ní Bolton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1779. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju fífà, lílọ́ àti wíwé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìrànwú ló ń yí papọ̀. Òwú ẹ̀rọ ló wà lórí ọ̀pọ̀ òfì ní Ìṣẹ́yìn báyìí. Aṣọ kíjìpá àtijọ́, òwú tọwọ́ ni.

Mo rẹ tèmi sínú omi, mo fi ṣíbí kọ́ ìdí rẹ̀ kí ìlọ́ lè jókòó, mo sá a. Mítà 11, iṣẹ́ ọ̀sán kan. Mo gbé e lọ han Màmá. Ó fà á wò, ó ní ó dáa, pé yóò ṣeé so ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ náà ò bá lágídí jù. Ó wá gbé ìrànwú, ó yí síídì sójú ìmọ́lẹ̀, ó bi mí pé fíìmù wo ni. Mo dárúkọ rẹ̀.

“Áà,” ó ní, “mo ní apá kìn-ín-ní rẹ̀ nílé.”