Bíríkì Ìṣeré: Ibi Tí Ayédèrú àti Ojúlówó Ti Yàtọ̀

Bí èèyàn bá mú bíríkì LEGO tó ní kókó mẹ́jọ lórí, tó sì dojú rẹ̀ dé, yóò rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, àfi páìpù kéékèèké mẹ́ta tó tò sí àárín. Ọwọ́ páìpù mẹ́ta yìí ni agbára bíríkì náà wà. Nígbà tí wọ́n bá tẹ bíríkì kan mọ́ orí òmíràn, kókó tìsàlẹ̀ á há sáàárín ògiri tòkè àti páìpù inú rẹ̀. Kókó tó wà ní igun á fara kan ògiri méjì àti páìpù kan. Èyí tó wà láàárín á fara kan ògiri kan àti páìpù méjì. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti di kókó kọ̀ọ̀kan mú. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí ìṣó, síbẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún lè so wọ́n pọ̀, kó sì tún tú wọn.

Ìwọ̀n ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìbú kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 4.8, àárín kókó kan sí àárín èkejì sì jẹ́ mìlímítà 8. Bí èèyàn bá wo kókó mẹ́rin tó kora wọn jọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àyè róbótó tó ṣẹ́ kù láàárín wọn kò ju mìlímítà 6.51 lọ, ìwọ̀n yìí gan-an sì ni páìpù náà. Ńṣe ni gbogbo rẹ̀ fún mọ́ra. Ike tí wọ́n fi ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní ABS, á yẹ̀ díẹ̀ kí kókó lè wọlé, á sì tún fẹ́ padà sípò rẹ̀. Fífẹ́ tó ń fẹ́ padà yẹn ló ń di kókó mú. Bí kókó bá fi ìba díẹ̀ tóbi jù, ọmọdé kò ní lè tú u. Bó bá sì kéré jù, ilé tí ọmọ kọ́ á ti wó kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ike yìí le ju bí ojú ti rí i lọ. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Open University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ tẹ bíríkì LEGO kékeré, èyí tó ní kókó mẹ́rin péré, láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó gba ẹrù tó tó kílò 430 kó tó yọ́ wọlẹ̀. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ to nǹkan bíi 375,000 irú rẹ̀ léra kí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó bàjẹ́.

Bíríkì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dára nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Káfíńtà ni Ole Kirk Kristiansen, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ LEGO sílẹ̀ lọ́dún 1932 ní ìlú Billund, lórílẹ̀-èdè Denmark, ohun ìṣeré onígi ló sì kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé bíríkì oníke jáde lọ́dún 1949, ara bíríkì Kiddicraft, iṣẹ́ ọwọ́ Hilary Fisher Page tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ayédèrú kò gbọ́dọ̀ fo ibí yìí dá. Inú bíríkì ìgbà náà ṣófo pátápátá, kò sì di ara rẹ̀ mú dáadáa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958 ni Godtfred, ọmọ Ole Kirk, kọ̀wé béèrè àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n páìpù inú bíríkì. Lọ́dún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ABS dípò ike àtijọ́ tó máa ń wọ́. Nígbà tó di 1981, LEGO ra ẹ̀tọ́ orí bíríkì Kiddicraft náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì yìí jọ bí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ṣe ń ki yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì sínú mọ́ọ̀dù. Wọ́n á yọ́ ABS nínú ooru tó lé ní 230 °C, ẹ̀rọ á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin, á tutù, á sì já bọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá ṣòro ni pé ABS máa ń súnkì bó bá ń tutù, ó sì lè fi nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí i. Lára bíríkì tó gùn ní mìlímítà 31.8, ìyẹn tó mìlímítà 0.16. Ẹni tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ti ṣírò sísúnkì yìí mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. LEGO sọ pé àṣìṣe tí àwọn ń gbà láyè lára mọ́ọ̀dù àwọn kò ju mìlímítà 0.004 lọ. Wọ́n tún ń kọ nọ́ńbà tíńtìntín sínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí bíríkì kan bá ní àbùkù, wọ́n á mọ mọ́ọ̀dù tó ti jáde wá.

Ọ̀nà mìíràn ni aláyédèrú ń gbà. Yóò ra páálí LEGO tòótọ́, yóò tú u palẹ̀, yóò wọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì gbẹ́ mọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkì tó wọ̀n yẹn ti súnkì tẹ́lẹ̀. Tirẹ̀ náà yóò tún súnkì. Bó bá tún lo irin olówó pọ́ọ́kú tó tètè ń jẹ, tó po àlòkù ike mọ́ ABS, tó sì yọ bíríkì kó tó tutù tán kí iṣẹ́ lè yá, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́.

Àṣìṣe yẹn lè kéré débi tí ojú kò ní rí i. Ṣùgbọ́n bí bíríkì kọ̀ọ̀kan bá fi mìlímítà 0.02 péré gùn jù, tí wọ́n sì to 100 lẹ́sẹẹsẹ, àṣìṣe náà á di odindi mìlímítà 2. Ibẹ̀ ni ògiri á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí òrùlé kò sì ní bá a mu.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo bíríkì tí kì í ṣe LEGO ni ayédèrú. Àṣẹ tí LEGO gbà lórí ọgbọ́n páìpù ti parí tipẹ́. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kánádà dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíríkì Mega Bloks láre, ó ní kò sẹ́ni tó lè fi òfin àmì òwò sọ ọgbọ́n tí àṣẹ orí rẹ̀ ti parí di tara rẹ̀ nìkan títí láé. Ilé ẹjọ́ EU náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ Cobi ní Poland lè ṣe bíríkì tó ń wọ ti LEGO, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò jalè.

Ti àwọn tó ń ṣe bíríkì Lepin, ní ilẹ̀ Ṣáínà, yàtọ̀. Àwọn yẹn kò mú ìrísí bíríkì nìkan. Wọ́n kó odindi iṣẹ́ tí àwọn ayàwòrán LEGO ṣe, láti orí àwòrán ara páálí dé orí ìwé ìlànà, wọ́n sì pa àmì orúkọ wọn dà kó lè jọ ti LEGO. Páálí tí ilé ẹjọ́ sọ pé wọ́n ṣe tí wọ́n sì tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá Shanghai ya wọ ibi iṣẹ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ rán olórí wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 90 yúàn lé e.

Ẹni tó fẹ́ dá ojúlówó mọ̀ lọ́jà lè kọ́kọ́ wo orí kókó: orúkọ LEGO máa ń yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kó kó bíríkì mélòó kan tí wọ́n pè ní àwọ̀ kan náà jọ nínú ìmọ́lẹ̀, kó wò ó bóyá pupa kan kò ṣú ju èkejì lọ. Kó fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ike gígún ṣẹ́ kù níbi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé. Kó tẹ méjì pọ̀, kó tú wọn, kó sì tún un ṣe. Ojúlówó kì í dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Kó sì yẹ ọmọláńgidi kékeré inú páálí náà wò. Láti 1978 ni LEGO ti ń ṣe é. Wọ́n dá ihò sí orí rẹ̀ kí èémí lè máa gba ibẹ̀ kọjá bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé e mì. Ẹni tó kàn ń wá ohun tó jọ ọ́ lè dí ihò náà láìmọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Òfin EU sì ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe ohun ìṣeré wà lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú àmì CE tó ń fi hàn pé ó bá òfin náà mu. Páálí tí kò bá ní àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni kò yẹ lọ́wọ́ ọmọdé, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Bí owó òbí kò bá sì ká LEGO, bíríkì ilé-iṣẹ́ mìíràn tó kọ orúkọ ara rẹ̀ síta wà lọ́jà fún un láti rà.