Ìgboro àti Mọ́níyà: Ibo Ló Yẹ Ọmọ Mi?

Ìmọ̀ràn méjì ni wọ́n máa ń gba bàbá tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù ní Mọ́níyà, méjèèjì ò sì gba ibì kan náà. Àwọn ọ̀rẹ́ tó kàwé á ní: "Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí Èkó. Bí agbára bá gbé e, ẹ kọjá sí ìlú òyìnbó. Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe ní oko?" Àwọn àgbà àdúgbò á ní: "Ẹ fi í sílẹ̀ láàárín wa. Ọmọ wa ni. Yóò gbọ́n tó bá yá." Mo ti gbé ìmọ̀ràn méjèèjì lé òṣùwọ̀n títí, mo sì ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn téèyàn ń rí tó bá ń ro ti òní, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń rí tó bá bi ara rẹ̀ léèrè pé: ta ni yóò mọ ọmọ yìí nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ ò bá sí mọ́?

Ká ti ìgboro bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà, ìfẹ́ tí mo ní sí abúlé ò sì gbọdọ̀ mú mi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Èèyàn kúrò ní Mọ́níyà, ó gba Òjòó kọjá, kò jìnnà tí yóò fi dé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ibùdó kan sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé. Ẹni tó bá kọjú sí òdì kejì, Ọ̀yọ́ ni yóò dé, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe láti 1977. Èkó ló wá kún jù. Dókítà Yinka Akindayomi dá Children's Developmental Centre sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1999. Ní 2006, ìyá kan tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, Dotun Akande, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àánú lásán. Mo fi ojú ara mi rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu. Kò pàṣẹ fún un pé kó lọ fọ ẹnu rẹ̀. Ó gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́: àwòrán búrọ́ọ̀ṣì, àwòrán ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n fún sórí rẹ̀, eyín òkè, eyín ìsàlẹ̀, ife omi, omi tí wọ́n tu dànù. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri níbi tí ojú ọmọ mọ. Bí ọmọ bá parí ọ̀kan, á ṣí àwòrán náà kúrò, á jù ú sínú páálí. Nígbà tí ògiri bá ṣófo, ẹnu ti mọ́ nìyẹn. Kò sí ìyá àgbà kan nínú agbo ilé wa tó lè ronú kan èyí, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ tó.

Ṣùgbọ́n owó wà níbẹ̀. Iye tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ní táàmù kan lè gbé èrè ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ kan mì pátápátá. Bàbá tó bá kó lọ sí Èkó nítorí ọmọ á máa jáde kílẹ̀ tó mọ́, á máa wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Owó tó ń wá fún ọmọ ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ti jáde lọ́sàn-án, ó di yàrá méjì, géètì tí wọ́n tì pa, àti alájọgbélé tó ń gbá ògiri pé ariwo yín ti pọ̀ jù.

Mọ́níyà ò ní àwòrán ara ògiri. Ohun tó ní ni ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ nítòsí wa. Ariwo ẹ̀rọ yẹn máa ń gún ọmọ mi létí débi pé á wólẹ̀, á fọwọ́ bo etí, á máa ké. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọkùnrin náà ní ohunkóhun nípa ọ́tísíìmù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí ọmọ bá rí òun tí òun gbé apá sókè kí òun tó wín ẹ́ńjìnnì, kì í ké. Á ti bo etí sílẹ̀, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ ló ń gbé apá sókè tí wọ́n bá ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, títí kan àwọn oníbàárà. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí náà ti mọ tirẹ̀. Bó bá to ẹ̀gẹ́ láti kékeré dé ńlá, wọn kì í mú ti àárín. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti ń mú un wá, ọmọ á sì máa wò wọ́n láìbínú.

Abúlé kan náà yìí ló tún ń dá ọmọ lẹ́jọ́ nídìí ìkíni. Ọ̀kan nínú ohun tí dókítà máa ń wò lára irú ọmọ yìí ni bóyá ó ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí kì í wo àgbà lójú lọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà wọ́n ń yin ọmọ mi fún ohun tó yẹ kó kó wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìkíni ló wá tú àṣírí. Kò dọ̀bálẹ̀, kò ní "ẹ kú àárọ̀", ó kàn ń bá tirẹ̀ lọ, ọmọ tí kì í kíni sì nìyí, ilé tó ti jáde ni wọ́n ń bú. Wọ́n ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ ni, ká ṣe sàráà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ẹgba ló kù tí a ò tíì lò. Èyí tó sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ló dùn ún gbọ́ jù: "yóò gbọ́n tó bá yá." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, àmọ́ ó ń jẹ ọdún mọ́ ọmọ lọ́wọ́, àwọn ọdún tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ì bá ti fi kọ́ ọ ní nǹkan gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi tún wà ńlẹ̀. Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa ni ti ìyá rẹ̀: gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ìyàwó mi sì ti gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlajú àwa ará oko ló bí i. Leo Kanner, dókítà tó ṣàpèjúwe ọ́tísíìmù fún ayé ní 1943, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1949 pé ńṣe ló dà bíi pé inú firíìjì làwọn òbí fi irú ọmọ wọ̀nyí sí. Bruno Bettelheim ti Yunifásítì Chicago sọ ọ́ di odidi ìwé ní 1967, ó di ẹ̀bi ru àwọn ìyá, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá kan ló ti já irọ́ náà ṣáájú: Bernard Rimland, tí ọmọ rẹ̀ Mark ní ọ́tísíìmù, tẹ ìwé jáde ní 1964 láti fi hàn pé bí ọpọlọ ọmọ ṣe rí láti inú ara ni, ìwà ìyá ò mọ́ ọn. Ní ti ẹ̀bi, òwe tiwa àti ìwé tiwọn kò sàn ju ara wọn lọ. Mo fa ìyẹn yọ kúrò lórí òṣùwọ̀n, n ò kà á sí abúlé lọ́rùn mọ́.

Ẹni tó yí ọkàn mi padà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Donald Triplett, ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ nípa wọn. Ìlú kékeré kan ní Mississippi tó ń jẹ́ Forest ni wọ́n bí i sí ní 1933. Ní 1937, dókítà gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn, wọ́n sì fi í sí ilé ìtọ́jú kan. Nígbà tó yá, wọ́n lọ mú un padà wálé. Bàbá rẹ̀, Beamon, tó jẹ́ lọ́yà, wá kọ lẹ́tà olójú ewé 33 ránṣẹ́ sí Kanner ní Baltimore, ó sì to ìwà ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ láìfi ohunkóhun pa mọ́. N ò mọ bàbá púpọ̀ tó lè kọ ojú ewé 33 nípa ọmọ rẹ̀ kankan, èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí kì í sọ̀rọ̀.

Apá tó kàn wá ní Mọ́níyà ló tẹ̀ lé e. Ní 1942, wọ́n fi Donald sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lewis, lóko tí kò jìnnà sílé. Ọmọ náà kò yéé wọn nǹkan, wọ́n bá ní kó gbẹ́ kànga, kó máa sọ bó ṣe jìn tó fún wọn. Ó ń ṣa òkú ẹyẹ àti kòkòrò kiri. Wọ́n fún un ní igun ilẹ̀ kan pé kó máa sin wọ́n síbẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ sórí ibojì kọ̀ọ̀kan, tòun ti orúkọ ìdílé àgbẹ̀ náà. Ó ń ka poro àgbàdo lákàtúnkà. Wọ́n ní kó máa kà á bó ṣe ń fi ẹṣin túlẹ̀. Nígbà tí Kanner lọ bẹ̀ wọ́n wò ní 1945, ojú rẹ̀ lọmọ náà ṣe túlẹ̀ poro gígùn mẹ́fà, tó ń yí ẹṣin padà bó ṣe yẹ. Mo kà á, mo rántí àwọn tó ń mú ẹ̀gẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Donald gboyè, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń gbá góòfù, ó ń rìnrìn àjò fúnra rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, Forest ò sì pa á tì títí tó fi kú ní 2023, lẹ́ni ọdún 89.

Kí abúlé má tíì jó. Ìdílé ìyá Donald ló ni báńkì ìlú náà, funfun sì ni wọ́n, ní Mississippi ayé ìgbà yẹn. Ọmọ adúláwọ̀ tó bá ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní Forest, n ò rò pé ẹnikẹ́ni á fún un ní igun ilẹ̀ láti máa sin ẹyẹ. Ìgboro, ìyẹn Baltimore, ló sì kọ́kọ́ dá ohun tó ń ṣe ọmọ náà mọ̀.

Ìgboro náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Tokyo ni Kenzaburo Oe, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994, ti tọ́ Hikari ọmọ tirẹ̀, tí wọ́n bí ní 1963 pẹ̀lú ìṣòro ńlá lágbárí. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ní ohùn ẹyẹ oríṣiríṣi ni wọ́n ń gbé sí i nílé, ẹnì kan á sì máa dárúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n wà nínú igbó ní Karuizawa, ẹyẹ kan ké, Hikari sì dárúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni inú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Ó dàgbà di ẹni tó ń kọ orin tí ayé ń rà. Ilé ìgboro ló kọ́ ọ lórúkọ ẹyẹ. Àmọ́ ibi tí ẹyẹ wà ló ti rí ìdí láti lanu.

Nítorí náà, bí ọmọ bá wà ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ọ̀nà sì wà, mo gbè sẹ́yìn ìgboro láìṣiyèméjì, kí bàbá tà bó bá ní nǹkan tó lè tà. Bó bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá sókè, abúlé ni, kó padà wálé nígbà táwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣeré nílẹ̀, kí wọ́n lè jọ dàgbà. Ìyá rẹ̀ ti lẹ àwòrán mọ́ ògiri ilé ìdáná. Èmi lẹ ọ̀kan mọ́ ara òpó ilé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́: ọwọ́ tó nà sókè, lẹ́yìn rẹ̀ etí tí wọ́n bò.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé abúlé tí mo ń gbè lẹ́yìn rẹ̀ yìí ń tú lójú wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ síbí ní 2021, oko ń di pílọ́ọ̀tì, pílọ́ọ̀tì ń di ilé onífẹ́ǹsì, àwọn tó ń kó wọlé ò sì mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní ọ́tísíìmù, nítorí náà a jẹ́ pé àwọn náà kó tiwọn dání, lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Mo lọ sí ìpàdé àwọn onílé, mo mú ọmọ mi dání, mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Bàbá kan béèrè bóyá ó máa ń lu èèyàn. Mo ní rárá o, bàbá. Màmá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní: "Tó bá sọnù ńkọ́, ibo ni ká ti kọ́kọ́ wá a?" Mo ní ní rélùwéè ni, ma, níbi tó ti máa ń ka ẹsẹ̀ ọkọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó fi ti ìwé ẹ̀rí ìbí sílẹ̀, oríkì rẹ̀ ló ń jẹ́. Kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má sáré tún un pè.