Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìfọ́n, owó wà nínú kí ọmọdé wá wo oko

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà kí èèyàn tó wọ oko wọn? Ní Banstead, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, oko kan wà tó ń jẹ́ Mayfield Lavender. Lavender ni òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n fi ń ṣe òróró olóòórùn dídùn àti ọṣẹ. Nígbà tí òdòdó náà bá tanná, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, tòbí tọmọ ló ń sanwó wọlé láti wò ó, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ń lọ, ọ̀pọ̀ á tún ra ọṣẹ tàbí òróró. Oko kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì lowó ń gbà wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ gbin lavender o! Kò fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, òjò àti ọ̀rinrin tiwa yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Ọgbọ́n ibẹ̀ la fẹ́ mú.

Ní tòsí wa, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, Fadá Godfrey Nzamujo dá oko Songhai sílẹ̀ lọ́dún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin ń di oúnjẹ ẹja. Àwọn àlejò ń sanwó kí wọ́n lè mú wọn yí oko ká, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń ra ọjà lọ sílé.

Òṣogbo tí ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí kò jìnnà sí Ìfọ́n. Ká ní ọmọ 40 wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan san N1,000, N40,000 nìyẹn. Bí ẹ bá yọ N15,000 fún ẹni tó mú wọn kiri, omi mímu àti ìmọ́tótó, N25,000 ló kù, ẹ ò sì tíì ta ewé ẹ̀fọ́ kan. Lọ́jọ́ tí tòmátì bá kún ọjà tí kò sẹ́ni tó ń ra á, owó yìí lẹ máa fi san owó lébìrà.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹ bo kànga, ẹ ti oògùn apakòkòrò mọ́ yàrá, ẹ má sì fín in nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Ẹ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibòji àti omi ìfọwọ́. Ẹ rí i pé olùkọ́ tẹ̀lé wọn.

Kíláàsì kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin ẹ̀fínrín sínú ike kékeré, kó gbé e lọ sílé. Bí òórùn rẹ̀ bá ta sí ìyá rẹ̀ nímú, yóò béèrè ibi tó ti wá. Ìpolówó ọjà yín nìyẹn.