Bí Omi Ọkọ̀ Bá Ń Gbẹ
Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́ jìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, ẹ dúró, ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ kí ó tó tutù; omi inú rẹ̀ lè bó ni lára.

Ẹ wá ibi tí omi ń jò. Bí omi bá ń dínkù láìjò, tí epo ẹ́ńjìnnì dà bíi kọfí oníwàrà, tí èéfín funfun kò sì dáwọ́ dúró, ẹ fura sí joint de culasse, ìyẹn awọ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀.

Kí wọ́n tó tú u, kí mẹkáníìkì yẹ fáànù, róbà omi àti thermostat wò. Ẹni tó ń bu omi kún un lásán, tó sì ń wà á lọ, ẹ́ńjìnnì ni yóò rà níkẹyìn.