Ipò Àgbà Nínú Ilé Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísímù

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kí omi ìwẹ̀ ọmọ náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò ti fi àpótí jókòó, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tí yóò tẹ́ ọmọ tuntun sí orí itan, tí kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún un, kò sí owó oṣù níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ nípò. Òun ni ó mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún inú rírun, òun náà ni ó ń ki ọmọ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ipò àtayébáyé yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé kò sí ilé tí ó nílò rẹ̀ tó ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ tí ó ní ọ́tísímù.

Ọ́tísímù kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Bí ọpọlọ ọmọ náà ti ń dàgbà ni ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìyàtọ̀ náà sì ń hàn nínú bí ó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nínú eré rẹ̀, àti nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ ti ń rí lára rẹ̀. Òmíràn a máa sọ̀rọ̀ geerege, òmíràn kò ní fọhùn títí ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 127 ni ó wà bẹ́ẹ̀.

Ní 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ó rí báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Òyìnbó kò mọ bí a ti ń di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ, nítorí ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọn fi ń wí pé àìfẹ́ràn ọmọ láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ń fà á; ọ̀kan nínú wọn, Bruno Bettelheim, kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1967. Àwọn ìbejì ni wọ́n já irọ́ náà. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter gbé ìwádìí lórí àwọn ìbejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, wọ́n sì fi hàn pé àbùdá tí a bí mọ́ ọmọ ni, kì í ṣe ìwà ìyá. Ìròyìn 1998 tí ó di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tí ó tẹ̀ ẹ́ ni ó fúnra rẹ̀ fagi lé e ní 2010.

Níbi tiwa, orúkọ mìíràn ni a ń fún ẹ̀bi náà. A ní ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ni, a ní ayé ló ṣe é, a ní láti ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ti gbé e wá. A sì gbé ọmọ náà lọ sí orí òkè àdúrà, tàbí a sín in ní gbẹ́rẹ́, tàbí a gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kí ó lè sọ̀rọ̀. Ẹnu àgbà ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọlá nínú ẹbí, ẹnu àgbà ni ó sì lè pa á. Bí ìyá ọkọ bá wí lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ọmọ mi ni, ìyàwó mi kò ṣe nǹkan kan,” kò sí àbúrò ọkọ tí yóò tún yọ ẹnu sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà kìíní nìyẹn: kí ó gba ìyá ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Iṣẹ́ kejì ni ìfura. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ìyá tí ó bí àkọ́bí kò ní òmíràn tí yóò fi wé e, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti wẹ ọmọ, ó ti wẹ ọmọ ọmọ. Bí ó bá ki ọmọ ọdún kan láàárọ̀, tí ó pè é ní Àkànní, tí ó kì í títí kan orílẹ̀ rẹ̀, tí ọmọ náà kò yíjú, tí kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ta sí ìró ìdérí ìkòkò láti ìdí ààrò, ó yẹ kí àgbà fura. Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kò nàka sí ohun tí ó fẹ́, tàbí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó sì tún pa á tì, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 sọ pé àwọn ọmọ tí ìyá àgbà wọn ń rí lemọ́lemọ́, nǹkan bí oṣù 5 ni àyẹ̀wò tiwọn fi tètè yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó lè kìlọ̀ yìí náà ni ó máa ń wí pé, “Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó fọhùn, ẹ fi ọmọ sílẹ̀,” tí àkókò tí ì bá ṣe ọmọ ní àǹfààní jù lọ a sì kọjá lásán.

Iṣẹ́ kẹta ni ó wúwo jù: gbígba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, kí ó lè sùn, kí ó lè lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, kí ó sì lè ráyè gbọ́ ti àwọn ọmọ yòókù. Ọmọ tí ó to ìdérí ìgò mínírà ní ìlà gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, tí ó bú sẹ́kún nítorí pé ẹnì kan ṣí ọ̀kan nípò, kì í ṣe aláìgbọràn. Bí bàbá àgbà bá jókòó tì í, tí ó bá a to tirẹ̀ mọ́ ọn, èyí ṣàǹfààní ju pàṣán lọ. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀ kí àlejò, kí àgbà má jẹ́ kí a pè é ní àbíìkọ́. Bí ó bá di ọjọ́ ìkómọjáde, tí gángan ń dún tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké, kí ìyá àgbà ti wá yàrá tí ó dákẹ́ sílẹ̀, kí ó má sì fi dandan lé aṣọ ẹbí tí ó ń họ ọmọ lára. Ohun tí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ bá ń fi kọ́ ọmọ, kí òun náà kọ́ ọ, kí òun àti olùkọ́ lè máa sọ ohùn kan.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston láti tọ́ ọmọ ọmọ wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rù pé èdè Yorùbá yóò dí ọmọ náà lọ́wọ́, nítorí ìwádìí kò fi hàn pé èdè méjì ń dá kún ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ tí ó ní ọ́tísímù. Ọwọ́ àgbà sì lè gùn ju inú ilé lọ: Bob àti Suzanne Wright, tí ọmọ ọmọ wọn ní ọ́tísímù, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Autism Speaks sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2005.

Ibi àyẹ̀wò kò jìnnà sí wa mọ́. Ó wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Oṣòdì. Ní Ìkẹjà, abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísímù, Dọ̀tun Àkàndé, dá ilé ẹ̀kọ́ Patrick sílẹ̀ ní 2006. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí ní 2019 sì ka dídẹ́yẹ sí aláàbọ̀ ara sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í gba ọmọ pọ̀n. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn: ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ẹ bi ọmọ yín léèrè lónìí, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wá bá a gba ọmọ, bí ó bá sì dá ọjọ́ náà fún yín, ẹ má yẹ̀ ẹ́.