Ilé-Iṣẹ́ Ajílẹ̀ Wà Lábẹ́ Ẹ̀wà

Ọ̀rọ̀ oko ni mo gbé wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó àpò ajílẹ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ pùpùrù sí lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà sì ń ṣá. Kódà tí wọ́n bá ra ajílẹ̀, òjò tiwa yìí á fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Ohun tó pọ̀ jù nínú àpò yúríà ni náítírójìn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ló wà nínú afẹ́fẹ́! Tí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 78 ló jẹ́ náítírójìn. Kí ló wá dé tí ewé àgbàdo fi ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe? Ìdí ni pé méjì-méjì ni náítírójìn ń rìn nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì so mọ́ra pinpin. Irúgbìn ò lè tú wọn fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ lè tú wọn, ṣùgbọ́n iná tó gbóná tó ìwọ̀n 400 ló ń gbà, pẹ̀lú gáàsì púpọ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú ajílẹ̀ wọ́n.

Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilẹ̀ tútù, láìdá iná. Bakitéríà ni wọ́n, ojú lásán ò lè rí wọn. Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Holland, ló kọ́kọ́ yọ wọ́n sọ́tọ̀ ní 1888. Rhizobium là ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń wọ gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà, gbòǹgbò á sì so kókó-kókó, ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbé. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń fún un ní náítírójìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Mo hú ẹ̀wà kan nínú oko ilé-ìwé wa, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo sì fi èékánná la kókó kan. Inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí a bomi là. Àmì pé iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bó bá funfun, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ti ń parí.

Àwọn kan máa ń rò pé àrùn ni. Lóòótọ́, aràn kékeré kan wà nínú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò wú. Ìyàtọ̀ wọn ò le: kókó bakitéríà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ọwọ́ á yọ ọ́ wẹ́rẹ́. Ti aràn, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ṣe é yọ.

Ní Ìbàdàn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti ṣe bẹbẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Sóyà tó wá láti Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́, ni wọ́n bá mú irú sóyà tuntun jáde, TGx, tó lè bá wọn ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ṣe NoduMax, bakitéríà inú ọ̀rá tí àgbẹ̀ ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kó tó gbìn ín.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àlìkámà tí wọ́n ń gbìn ní Kánò àti Jìgáwà ńkọ́? Ìdílé koríko ni àlìkámà, àgbàdo àti ìrẹsì. Rhizobium kì í so kókó sí wọn lára. Bakitéríà mìíràn, Azospirillum, ló ń gbé láyìíká gbòǹgbò wọn. Johanna Döbereiner ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ ní Brazil, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń fi í sí àgbàdo àti àlìkámà. Ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ajílẹ̀ pátápátá. Ohun tó rọrùn fún wa níbí ni kí ẹ̀wà ṣáájú àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà.

Ohun mẹ́ta ni ká ṣe. Àkọ́kọ́, tí a bá kórè ẹ̀wà tán, ká gé e nílẹ̀, ká má fà á tu. (Ẹ̀pà ò ṣe é gé bẹ́ẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń so sí, ewé rẹ̀ ni ká dá padà sóko.) Ìkejì, ká má sun ewé àti ìtàkùn. Èyí tó pọ̀ nínú náítírójìn ti bá ẹ̀wà tí a jẹ lọ. Bí a bá tún sun ìyókù, inú afẹ́fẹ́ ló padà sí. Ìkẹta, ká má da yúríà púpọ̀ sí ẹ̀wà. Tí oúnjẹ bá ti kún ilẹ̀, ẹ̀wà ò ní gba àlejò mọ́, kókó ò ní pọ̀.

Bakitéríà yìí ò ní pèsè pọtásíọ̀mù tí ẹ̀gẹ́ ń jẹ púpọ̀ o. Eérú àti ìgbẹ́ adìẹ ṣì níṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n náítírójìn díẹ̀ tí a kò fowó rà, èrè ni fún àgbẹ̀ tí kò rówó ra àpò kan.

Tí ẹ̀wà oko ilé-ìwé bá ń tanná, ẹ hú ẹyọ kan ṣoṣo wò, kẹ́ ẹ la kókó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.