Ojú Gbígbẹ Tí Kì Í Ṣe Ti Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbẹ, a sì máa ta wọ́n bí ìgbà tí iyanrìn bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ tí ojú kò tù, tí ẹnu pẹ̀lú gbẹ, tí oríkèé sì ń ro, ó lè jẹ́ àrùn tí Henrik Sjögren, oníṣègùn ojú ará Sweden, ṣàlàyé ní ọdún 1933. Ẹ̀ṣọ́ tí ń gbèjà ara ni ó ṣìnà, tí ó ń ba orísun omijé àti itọ́ jẹ́. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe jù.

Omijé ni í fọ kòkòrò kúrò lójú. Ojú tí kò ní in, egbò a tètè dá sí i, ó sì lè fọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ọmú tàbí omi ewé sí i.

Kò tíì sí oògùn tí ń mú àrùn yìí kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n a lè dáàbò bo ojú. Kí aláìsàn yàgò fún èéfín igi ìdáná, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ fún àyẹ̀wò àti omijé àtọwọ́dá, èyí tí yóò máa kán lójoojúmọ́, àní nígbà tí ara bá tù ú.